Ojú Ta Ni Ó Wà Lára Ògiri? Ìtàn Kàlẹ́ńdà Aláwòrán Nílẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn wọ pálọ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá láàrin ọdún 1970 sí 2000 kí ó má bá kàlẹ́ńdà aláwòrán lára ògiri. Ó lè jẹ́ ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti báǹkì tàbí ti olóṣèlú. Àwọn àgbà mìíràn a máa pè é ní álímánáàkì. Bí àlejò bá jókòó, kí ó tó wo ọjọ́ oṣù, ojú tí ó wà lórí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò, yóò sì béèrè pé, "Ta nìyí?" Ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bi ara rẹ̀: ojú ta ni ó ń dé orí kàlẹ́ńdà, ojú ta ni kì í dé ibẹ̀, kí ni ó sì fà á?

Orúkọ ni ó ṣáájú ojú

Kí ìwé tó dé, ọjọ́ òrìṣà àti ọjọ́ ọjà ni àwọn Yorùbá fi ń ka ìgbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ wọn: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọjà tí wọ́n ń ná lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún. Inú orí ni wọ́n ń fi ìṣirò yìí pamọ́ sí. Kò sí ẹni tí ó gbé e kọ́ ara ògiri. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti mú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wọlé kí àwọn oníwàásù Kírísítẹ́nì tó dé. Àwọn oníwàásù yìí ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta.

Ní Èkó, John Augustus Otunba Payne, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé-ẹjọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé álímánáàkì jáde ní ọdún 1874. Ọjọ́ àti oṣù wà nínú rẹ̀, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1893, ó tẹ ìwé mìíràn tí ó to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì inú ìtàn Yorùbá sí abẹ́ ọjọ́ wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ wọ́n, nítorí náà ọ̀mọ̀wé díẹ̀ ni ó lè kà á. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ti jẹ́ ibi tí a ti ń mọ ẹni tí a kà kún ènìyàn láwùjọ.

Ojú dé orí bébà

Ọdún 1839 ni ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ fọ́tò tí Daguerre ṣe ní ilẹ̀ Faransé. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ní Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni George Da Costa, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtàwé CMS kí ó tó dá iṣẹ́ fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1895.

Yorùbá gba fọ́tò tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal kọ ọ́ ní ọdún 2001 pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ "àwòrán" ti wá, ìyẹn ohun tí a ń wò kí á lè rántí. Stephen Sprague, tí ó ṣe ìwádìí iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó ṣàlàyé bí àgbàlagbà ṣe ń wọ aṣọ ńlá, tí yóò jókòó ṣánṣán, tí yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, tí yóò sì kọjú sí ẹ̀rọ. Ó tún sọ nípa ìbejì: bí ọ̀kan bá ti kú, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àwọn méjèèjì lè wà níbẹ̀. Ẹni tí kò sí mọ́ kò gbọdọ̀ sọnù.

Ẹni tí ó sanwó ni ojú rẹ̀ hàn

Bí àwọn ènìyàn ṣe fẹ́ràn fọ́tò tó yìí, kí ló dé tí ìdílé kọ̀ọ̀kan kò fi ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ẹ̀rọ. Fọ́tò kò ṣe é tẹ̀ bí ó ti wà. Àwọn atẹ̀wé ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di àmì tóótòòtó lórí irin pẹlẹbẹ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ó ní àwọ̀, irin mẹ́rin ni wọn yóò ṣe: ti búlúù, ti pupa, ti yẹ́lò àti ti dúdú. Iye kan náà ni iṣẹ́ yìí ń gbà, ì báà jẹ́ ẹ̀dà kan ni a fẹ́, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Bí a bá ní owó ìpèsè irin jẹ́ náírà 20,000, ẹni tí ó tẹ ẹ̀dà kan yóò dá gbogbo rẹ̀ san; ẹni tí ó tẹ ẹ̀dà 1,000 yóò pín náírà 20 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní èrò púpọ̀ lẹ́yìn nìkan ni ó lè tọ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú lọ. Àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Action Group sílẹ̀ ní ọdún 1951, wà lórí ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà ń dáwó jọ. Ààrẹ ẹgbẹ́ ni ó máa ń wà láàrin gbùngbùn, àwòrán tirẹ̀ ni ó sì máa ń tóbi jù. Àwọn olóyè yóò yí i ká, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì tò sísàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ipò wọn. Ẹni tí kò bá san owó tirẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Báyìí ni ìyá arúgbó tí ó fi owó ẹ̀kọ tọ́ ọmọ márùn-ún ṣe lè lo gbogbo ayé rẹ̀ lábẹ́ àwòrán àwọn ẹlòmíràn.

Kàlẹ́ńdà àtọwọ́dá inú ilé

Kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ni wọ́n tú okùn yìí. Wọn kì í lo irin. Owó ẹ̀dà kan kò dúró de ti ẹgbẹ̀rún. Ìdílé lè tẹ ẹ̀dà márùn-ún péré, kí wọ́n sì fi ta ẹbí lọ́rẹ ní ọjọ́ ọdún tuntun.

Iṣẹ́ náà kò le. Dípò ojú ewé méjìlá, mẹ́fà tó, kí oṣù méjì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Bí fọ́tò yóò bá kún bébà A4 kí ó sì mọ́lẹ̀ kedere, ó yẹ kí ó tó píksẹ́lì 2480 sí 3508. Fọ́tò tí a bá fi WhatsApp ránṣẹ́ lásán máa ń dínkù. Kí a fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ni ó dára. Fọ́tò àtijọ́ ṣe é yà pẹ̀lú fóònù lójú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá lè ṣírò ọjọ́. Ọjọ́ 365 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 52 àti ọjọ́ kan, nítorí náà ọdún 2026 bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, 2027 ní ọjọ́ Ẹtì, 2028 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n 2028 ní ọjọ́ 366, ìdí nìyí tí 2029 fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ ọjà ìlú, ọdún ìbílẹ̀ àti ọjọ́ ìbí àwọn àgbà tún lè wà níbẹ̀, èyí tí kàlẹ́ńdà báǹkì kì í ní.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni àkọlé abẹ́ àwòrán: orúkọ ní kíkún, oríkì bí ó bá ṣeé ṣe, ibi tí a ti ya fọ́tò náà àti ọdún rẹ̀. Fọ́tò tí kò ní orúkọ lábẹ́, lẹ́yìn ìran méjì, ojú àjèjì ni.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àtijọ́ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ya láti fi bo ìwé wọn nígbà tí ọdún parí, orúkọ àti ojú sì bá a lọ. Lónìí, inú fóònù ni fọ́tò wà. Bí fóònù bá sọnù, ó parí. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Ó yẹ kí olùkọ́ fi kàlẹ́ńdà ìdílé ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ìyá àgbà, kí ó béèrè orúkọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì gbé ojú ìyá náà sí oṣù Ṣẹ́rẹ́, níbi tí ojú ààrẹ ẹgbẹ́ máa ń wà. Bí ẹ̀dà márùn-ún bá jáde, kí wọ́n pín mẹ́rin, kí wọ́n sì fi ìkarùn-ún pamọ́ sínú àpótí.