Ọmọ Erè Tí Kò Rí Oníbàárà

Ẹ̀yin ará wa ní Monday Market, ní Gamboru àti káàkiri Maiduguri. Admin yín ni. Ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé voice note, ohun tí mo sọ rèé, a ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìtàn tòní dá lórí erè, ejò tí àwọn míì ń pè ní òjòlá. Àwọn àbúrò wa kan nínú gúrúùpù yìí ń bèèrè bóyá a lè dá owó jọ, ká máa sin ejò fún àwọn òyìnbó, torí wọ́n gbọ́ pé ọjà rẹ̀ ń lọ ní Lomé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìtàn ọjà náà. Èrè là ń wá lára erè, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ẹ bá kọjá Kútọnu díẹ̀. Erè ibẹ̀ kò tóbi, kì í sábà gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Tí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ roboto bíi bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí òyìnbó fi ń pè é ní ball python. Ní Ouidah, òrìṣà ni, Dangbé lorúkọ rẹ̀. Tó bá wọlé onílé, wọn kì í pa á, wọ́n á rọra gbé e padà sí ilé òrìṣà rẹ̀, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Nígbà tí Agaja ọba Dahomey ṣẹ́gun ìjọba Whydah ní 1727, òyìnbó oníṣòwò kan, William Snelgrave, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun pa ejò náà jẹ. Síbẹ̀ ìsìn náà kò parun títí dòní. Lójú àwọn ará ibẹ̀, àlejò ni erè, kì í ṣe ọjà.

Òwò ló sọ ọ́ di ọjà. Láti 1975, erè kékeré yìí tó lé ní mílíọ̀nù 3 ni wọ́n ti kó jáde láàyè ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó pọ̀ jù láti Togo, Benin àti Ghana. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Àgbẹ̀ tàbí ọdẹ á gbẹ́ abo tó ní ẹyin nínú jáde láti inú ihò eku tàbí òkìtì ikán, á tà á fún àwọn tó ń sin ejò. Ọ̀dọ̀ wọn ni yóò yé ẹyin sí, bíi 4 sí 6. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹyin á pa, ọmọ á jáde, ó di inú ọkọ̀ òfurufú.

Ètò wọn ní Togo ni pé kí wọ́n dá ìyá àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ padà sínú igbó. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ejò tí a kó láti ibi púpọ̀ jọ sójú kan lè kó àrùn ran ara wọn. Tí a bá wá dà wọ́n sí igbó tí kì í ṣe tiwọn, a ti gbé àrùn lọ bá àwọn tó wà níbẹ̀.

Ní 1992, Bob Clark ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọ̀ àfín erè yìí ṣe é bí. Láti ìgbà náà, àwọ̀ ara di ọjà. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí dáadáa. Tí akọ àti abo bá gbé àfín pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ara wọn sì rí bíi ti erè lásán, ọmọ 1 nínú 4 la lè retí pé yóò jẹ́ àfín. Nínú ẹyin 6, ẹ lè rí ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ sì lè má rí rárá. Àwọn tó kù ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ san owó gidi lé wọn.

Àwọ̀ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní spider. Ó rẹwà lójú, àmọ́ orí rẹ̀ máa ń gbọ̀n, torí ohun tó fún un ní àwọ̀ náà ló ṣàkóbá fún ara rẹ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń bí i lọ.

Àwọn ọmọ tí kò tà, wọ́n á ta díẹ̀ ní ọ̀pọ̀, wọ́n á fi àwọn míì fún ejò tó ń jẹ ejò. Àwọn kan wà tó ń kó wọn sínú fírísà láàyè. Ejò kò ní ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bíi tiwa, òtútù kì í tètè pa á. Àwọn dókítà ẹran sọ pé ìyà ńlá ni.

Ẹ̀yin tó ń ta òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan, ẹ mọ̀ pé akọ kì í yé ẹyin, owó rẹ̀ sì kéré. Ṣùgbọ́n ó ní oníbàárà tirẹ̀, ọdún Kérésì ń dúró dè é. Ta ló ń dúró de ọmọ erè tí àwọ̀ rẹ̀ kò ta yọ?

Àwọn míì kì í pa á, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ní Florida, àwọn èèyàn ra òjòlá ilẹ̀ Burma ní kékeré, ó dàgbà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n dà á sí irà Everglades. Ìjì Andrew tún fọ́ ilé kan tí wọ́n ti ń sin ín ní 1992. Nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2012, ẹranko raccoon tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ti dín ní ìpín 99 nínú 100. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de kíkó irú ejò mẹ́rin wọ ìlú wọn, erè ńlá ti ilẹ̀ Áfíríkà sì wà nínú wọn.

Ẹ má sọ pé Florida jìnnà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2024, nígbà tí omi Alau ya wọ ìlú wa yìí, ó gba Sanda Kyarimi Park kọjá. Èyí tó lé ní ìpín 80 nínú 100 àwọn ẹran ibẹ̀ ló kú, àwọn alábòójútó sì kìlọ̀ fún wa pé omi ti gbé ọ̀nì àti ejò wọ àdúgbò. Ọgbà ìjọba nìyẹn o, tó ní òṣìṣẹ́, tó ní àgò onírin. Ohun tí a bá sé mọ́lé, ọjọ́ tí ilé bá wó, gbogbo ìlú ló ni ín.

Òótọ́ kan wà lẹ́nu àwọn tó ń sin ín: èyí tí wọ́n bí sílé lè dín èyí tí wọ́n ń wú nínú igbó kù, tí erè yóò sì ráyè jẹ eku oko àwọn àgbẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n erè yìí lè lo 20 ọdún sí 30 ọdún nílé ẹni tó rà á. Bí àpò ṣúgà kò bá tà, ó lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun ẹlẹ́mìí gbọ́dọ̀ jẹun, yálà ó tà tàbí kò tà.

Nítorí náà, òfin tí mo rí fà yọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí a tó pa akọ pọ̀ mọ́ abo, ká ti mọ ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń lọ, ká sì lè bọ́ èyí tí kò bá rílé. Ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó yà wọ́n sọ́tọ̀. A ò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú gúrúùpù yìí, torí náà mi ò ní gba owó ẹnikẹ́ni fún un.

Ẹni tó bá rí i lọ́nà mìíràn, àgbà tàbí ọmọdé, kó fi voice note ránṣẹ́ lálẹ́ òní, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọjà á tà wá o.