Ìwé Tó Sọnù Lẹ́ẹ̀mejì, àti Fódà Tí A Fẹ́ Jọ Máa Lò

Àwọn olóòtú ní kí n kọ ìtàn ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe sí àwọn ìwé àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa: kí a ya àwòrán wọn sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì kó wọn sínú fódà kan tí gbogbo wa á lè máa ṣí. Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìtàn ni, ọ̀dọ̀ Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ìwé ńlá rẹ̀, The History of the Yorubas. Ohun tí a kì í sábà sọ ni ojú tí ìwé náà rí. Ọdún 1897 ni bàbá yìí parí rẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan nílùú Òyìnbó nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì, bó ṣe wọgbó nìyẹn. Johnson kú ní 1901 láì fojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí òun náà fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ òkun Appam ló bá lọ. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, àwọn Jámánì fi ọkọ̀ ogun wọn, Möwe, mú Appam lójú agbami, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, pépà sì ti wọ́n gógó nígbà yẹn. 1921 ló tó jáde. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ọdún mẹ́rìnlélógún! Ká ní ẹ̀dà kejì tó pé wà nílé ní Ọ̀yọ́ ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Irú àdánù yìí ló ká Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó yẹ àwọn ìwé ìjọba wò káàkiri Nàìjíríà, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ fún ìjọba. Òfin lórí ìpamọ́ ìwé jáde ní 1957, ibẹ̀ ni Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba tó wà ní ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ti fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìwádìí níbẹ̀ rí á mọ̀ pé ẹnì kan ló ń ka fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan, àyàfi tó bá dá a padà kí ẹlòmíràn tó rí i gbà.

Ní 1957 yẹn kan náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Russell Kirsch, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ jòjòló, Walden, sórí ẹ̀rọ tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ náà ka fọ́tò ọ̀hún wọ inú kọ̀ǹpútà: ojú ààmì 176 ní ìbú, 176 ní òòró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá sikánà òní nìyẹn. Ṣùgbọ́n yíya àwòrán ìwé kò tó. Ibi tí èèyàn púpọ̀ á ti lè rí i ńkọ́? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa mọ floppy, tí ẹ ń kó sínú báàgì láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, tó sì ń ru fáírọ́ọ̀sì bọ̀ bíi ẹni ru ẹrù ọjà.

Ojútùú dé ní àwọn ọdún 1980. Ní 1983, Barry Feigenbaum ní IBM kọ ètò tí kọ̀ǹpútà kan lè fi ṣí fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni pé ara rẹ̀ ló wà; òun la wá mọ̀ sí SMB. Iléeṣẹ́ Novell gbé NetWare jáde lọ́dún yẹn náà, Sun sì ṣe NFS tiwọn ní 1984. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní Canberra, Ọsirélíà. Ìparí ọdún 1991 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀, tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iléeṣẹ́ kan ní orúkọ tó kọ́kọ́ fún un jọ ti ọjà àwọn, ló bá wá inú ìwé atúmọ̀ èdè fún ọ̀rọ̀ tó ní S, M àti B nínú. Samba ló bá pàdé, orúkọ ijó Brazil! Títí dòní, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí ìpamọ́ kéékèèké tí wọ́n ń tà.

Ọ̀nà yìí náà ni olè gbà wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní WannaCry gba ihò kan nínú ẹ̀yà àkọ́kọ́ SMB ti Windows, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó dá iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba. Oṣù kẹta ni Microsoft ti gbé oògùn rẹ̀ jáde, àwọn tí kò lò ó ló jìyà.

Ó wá kan tiwa. Ikán ti jẹ etí méjì nínú àwọn rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀gá kan tó kọ́ wa ń sáré owó ìfẹ̀yìntì, ọ́fíìsì tó lọ ní àwọn ò rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà olùkọ́, lójú ewé tí ikán ò tíì dé. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe fàájì?

Èrò mi nìyí. Kí fódà má wà nínú láptọ́ọ̀pù akọ̀wé kankan, torí akọ̀wé ń yí padà, láptọ́ọ̀pù sì ń bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ló yẹ, tó ní bátìrì tirẹ̀ nítorí iná tó ń ṣe ségesège. Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà, ṣùgbọ́n kí èèyàn méjì péré lè fi kún un tàbí pa á rẹ́. Àwọn kan ń kùn sí èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ìfura kọ́, ọwọ́ tó pọ̀ ló ń ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́. Ọdún ni kó ṣáájú orúkọ fáìlì, bíi 1984-03-ìpàdé, kí wọ́n lè to ara wọn. Kí ẹ̀dà kejì wà nílùú mìíràn: ìwé Johnson ti kọ́ wa nìyẹn. Ìwé èsì ìdánwò àti ti ìlera kò gbọdọ̀ bọ́ sí gbangba, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ àpéjọ, sikánà á wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ìpàdé àtijọ́, fọ́tò kíláàsì, tàbí lẹ́tà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí, kó gbé e wá. A ò ní gbà á lọ́wọ́ yín, ojú yín la ó ti yà á, ẹ ó sì mú un padà sílé. Rẹ́jísítà àwọn ọdún àkọ́kọ́ la ó kọ́kọ́ ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí ikán ti dé etí rẹ̀.