Ta Ló Fọ́ Ìjàyè?

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún 1862 ni Ìjàyè fọ́. Ogun Ìbàdàn wọlé, wọ́n kó ẹni tí wọ́n lè kó, wọ́n tiná bọ ilé. Ìlú tó ti tó Ìbàdàn figa gbága, ìlú Kúrunmí tí í ṣe Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, dahoro láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìjàyè Orílé ṣì wà lónìí ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn kò lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni Kakaǹfò gbé tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń gbọ̀n.

Ní ilé tiwa, a jẹ́ ọmọ Ìjàyè láti ìhà ìyá bàbá mi. Bí a bá bi àwọn àgbà léèrè ohun tó fọ́ ìlú náà, ìdáhùn kan ni wọ́n ní: bó ṣe yàn án lọ́run nìyẹn, àkúnlẹ̀yàn kò ṣe é yí padà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, n kò sì lè gba ìdáhùn yẹn lọ́wọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí n kò ṣe ní gbà á lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé. Àwọn èèyàn tí a mọ orúkọ wọn ló jókòó, tí wọ́n gbèrò, tí wọ́n sì pinnu. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n lórúkọ.

Àṣà kan ló bí ìjà náà. Nígbà náà, bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ lọ. Títí di òní ni mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé àṣà ìṣẹ̀dálẹ̀ ni, bí ẹni pé Odùduwà ló gbé e wá. Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, sọ ohun mìíràn. Ó ní láyé àtijọ́, ọmọ a máa jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ìgbà Aláàfin Òjìgí ni ìwà ìkà Àrẹ̀mọ sú aráàlú, ìgbà náà ni wọ́n sì sọ ọ́ di òfin pé kí Àrẹ̀mọ máa bá ọba kú. Ọgbọ́n wà nínú òfin yẹn. Àrẹ̀mọ a máa bá bàbá rẹ̀ lo àṣẹ. Bó bá mọ̀ pé ọjọ́ ikú bàbá òun ni ọjọ́ ikú òun, kò ní gbèrò ibi sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé pé àwọn èèyàn ló pinnu rẹ̀, nítorí ohun tí ojú wọn rí. Ohun tí ìgbìmọ̀ kan fi lélẹ̀, ìgbìmọ̀ mìíràn lè gbé e kúrò.

Aláàfin Àtìbà ló fẹ́ gbé e kúrò. Ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni, òun náà ló tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Kò ní ogun tó lè fi dáàbò bo ara rẹ̀, ó wá fi oyè fa àwọn jagunjagun mọ́ra: ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Kakaǹfò. Nígbà tó darúgbó, ó ṣe ọdún Bẹbẹ, ọdún tí ọba tó pẹ́ lórí oyè máa ń ṣe, ó sì fi àkókò náà bẹ àwọn ìjòyè pé kí wọ́n jẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ òun, jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà. Ní ọdún 1859, Àtìbà wàjà, Adélù sì gun orí ìtẹ́.

Bàbá wo ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun yè? N kò dá a lẹ́bi níbẹ̀. Ibi tí mo ti bá a wíjọ́ ni pé ọmọ tirẹ̀ nìkan ló yọ. Àwọn mìíràn wà tí àṣà ní kí wọ́n bá ọba kú, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀bẹ̀ fún àwọn yẹn. Títí di oṣù Kejìlá ọdún 1944, nígbà tí Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà, Ọlọ́kùn Ẹṣin ọba ṣì ń múra àtibá a lọ. Ìjọba òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì kú dípò rẹ̀. Bí Àtìbà bá ti pa gbogbo àṣà náà rẹ́ nígbà tó ní agbára rẹ̀, ta ló mọ iye ẹ̀mí tí ì bá yọ?

Kúrunmí ní òun kò ní wárí fún Adélù, nítorí òun kò ní bá wọn ba àṣà jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yìn ín fún èyí, Ọlá Rótìmí sì fi orúkọ rẹ̀ pe eré ńlá kan. Èmi kì í ṣe ọ̀tá Kúrunmí. Ọmọ ìlú rẹ̀ ni mí. Akíkanjú ni, ó sì fi ara rẹ̀ jìn fún ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọkùnrin yìí ṣe ń lo àṣà. Ìlú Ẹ̀gbá ni Ìjàyè kó tó di ti àwọn Ọ̀yọ́ tó ń sá fún ogun, kò sì sí àṣà tó fún un nílẹ̀ ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1853, ó fún Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, láyè láti kọ́ ilé àti ilé ìsìn, ohun tí baba ńlá rẹ̀ kò ṣe rí. Johnson tún sọ ọ̀rọ̀ obìnrin olówó kan tó kú ní Ìjànná láìní àrólé. Lábẹ́ òfin, ti Aláàfin ni ẹrù rẹ̀. Kúrunmí kò gbà, wọ́n sì jà lórí rẹ̀. Níbi tí àṣà bá ti fún Adélù lẹ́rù, Kúrunmí kò ka àṣà sí. Ó yan èyí tó bá a lára mu. Ó lè yan èyí kejì.

Ìbàdàn ńkọ́? Wọ́n ní àṣẹ ọba ni àwọn ń jẹ́. Balógun Ìbíkúnlé kò fẹ́ ogun náà rárá; ó fi í falẹ̀ títí. Ògúnmọ́lá, Ọ̀tún rẹ̀, ló ń gbóná. Ìbàdàn àti Ìjàyè ti jà tẹ́lẹ̀ nínú ogun Bátẹdó ní 1844, ẹ̀tanú ọjọ́ náà kò tíì tán nínú wọn, àwọn ọmọ ogun sì ń wá ẹrú àti ìkógun. Ìbíkúnlé ni olórí ogun. Ìgbà tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, tó sì mọ̀ pé kò dára, ó ṣì kó ogun jáde. Nínú gbogbo wọn, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí jù, nítorí òun ló rí òtítọ́.

Àwọn Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè ní 1860. Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, iyọ̀ àti ẹrù òkun kò wọlé mọ́. Ebi pa àwọn míṣọ́nnárì ní Kúdẹtì nílùú Ìbàdàn, ìyẹn David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn jẹun. Johnson fúnra rẹ̀ wà ní Ìbàdàn nígbà náà, ọmọdé tí kò tíì pé ogún ọdún, tí bàbá rẹ̀ ń bá Hinderer ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n rọ́ fún un nìkan ló kọ.

Ṣùgbọ́n ebi Ìbàdàn kò tó ti Ìjàyè. Oko Ìjàyè di ojú ogun. Ọ̀nà Òkè Ògùn, níbi tí oúnjẹ ti ń wá, Ìbàdàn gé e. Àwọn tí oúnjẹ kù lọ́wọ́ wọn ni àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá tó wá gbèjà wọn, nítorí oúnjẹ ń tọ̀ wọ́n wá láti Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá Ìjàyè ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọmọ gba oúnjẹ.

Ìwọ̀fà ni wọ́n pè é. Ìwọ̀fà ní òfin tirẹ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà: ọmọ yóò máa sin olówó, ọjọ́ tí òbí bá san gbèsè ni yóò padà sílé. Kì í ṣe ẹrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú fọ́, tí ìyá kú, tí bàbá di ẹrú ní Ìbàdàn, ta ni yóò san gbèsè? Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà ni kò padà mọ́. Àwọn míṣọ́nnárì kó díẹ̀ nínú wọn jọ, wọ́n sì kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin tó di ìyá ńlá wa wà lára àwọn tí wọ́n fi gba oúnjẹ. Abẹ́òkúta ló gbé dàgbà, ibẹ̀ ló gbé bímọ, Ìyá Ìjàyè ni gbogbo èèyàn ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ilé wa.

Àwọn kan á ní ìyá yẹn náà yàn. Wọ́n ní ó lè di ọmọ rẹ̀ mú, kí wọ́n jọ kú. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú. Àwọn tó ní ọ̀nà púpọ̀ níwájú wọn ló ti yàn fún un ṣáájú, wọ́n wá fi ikú àti ìpínyà nìkan sílẹ̀ fún un. Ẹjọ́ ẹni tó jẹun yó kó tó pinnu ogun kò lè bá tirẹ̀ dọ́gba.

Kúrunmí kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1861, lẹ́yìn tó ti sin àwọn ọmọ tirẹ̀ tí ogun pa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, bí a ṣe ń pa ara wa ní Ìjàyè, òyìnbó gba Èkó. Adélù wàjà ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1870. Ta ló wá jọba? Adéyẹmí, àbúrò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kí ọmọ jọba lẹ́yìn bàbá, tí a fi odindi ìlú san, kò tilẹ̀ kọjá orí Adélù. Ìbàdàn tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́ mọ́ wá lágbára débi tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi dìde sí i ní Kírìjì, ogun ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjàyè tó wà káàkiri, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó, ní Ìbàdàn tó kó wa lẹ́rú, mo bẹ̀ yín: bí àgbà kan bá ṣì wà nílé yín tó mọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n fi gba oúnjẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí. Orúkọ Kúrunmí, Àtìbà àti Ògúnmọ́lá ti wà nínú ìwé. Tiwọn kò tíì sí níbẹ̀.