Ta Ló Kọ́kọ́ Kan Pátákó Ìrántí Mọ́ Ilé ní London?

Bí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ Èkó bá délẹ̀, ẹnìkan á ṣáà sọ pé, "Ẹ wo ohun tí ìjọba ń ṣe nílùú òyìnbó." Pátákó roboto aláwọ̀ búlúù tó wà lára ilé àwọn olókìkí ní London ló ní lọ́kàn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni pé àjọ English Heritage ló dá a sílẹ̀, pé búlúù ni gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ilé tí wọ́n bá kàn án mọ́ kò ṣeé wó mọ́. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lọ́dún 1863, aṣòfin kan tó ń jẹ́ William Ewart dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní kí wọ́n máa sàmì sí ilé tí àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn ti gbé. Ìjọba kọ́ ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ẹgbẹ́ aládàáni kan, Society of Arts, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1866, òun ló sì ń bá a bọ̀ títí di 1901, kí ìgbìmọ̀ London County Council tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí English Heritage fi máa dé ìdí iṣẹ́ yìí lọ́dún 1986, ọgọ́fà ọdún ti lọ lórí rẹ̀.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Pátákó tó pẹ́ jù nínú àwọn tó ṣì wà, ti Napoleon III, ọba Faransé, ní King Street, tí wọ́n kàn lọ́dún 1867, búlúù ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n búlúù wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ Minton Hollins tó ń sun amọ̀ náà fi yí sí àwọ̀ búráùn. Ìrísí tí gbogbo ayé mọ̀ báyìí, 1938 ló dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Central School of Arts and Crafts ló yà á. Ó kó gbogbo ọ̀ṣọ́ ewé àti ìlà etí rẹ̀ dànù kí lẹ́tà lè hàn ketekete. Gínì mẹ́rin ni wọ́n san fún un, ẹnikẹ́ni ò sì mọ orúkọ rẹ̀ dòní.

Èyí tó burú jù ni ti ààbò. Ilé tí wọ́n bí akéwì Byron sí ní Holles Street ló kọ́kọ́ gba pátákó, lọ́dún 1867. Wọ́n wó o lọ́dún 1889, tòun ti pátákó. Títí di òní, pátákó yìí kò ní agbára òfin kankan. Òfin tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ wà lọ́tọ̀. Àwa gan-an ló yẹ kó yé jù. Ìjọba ti kéde Ilojo Bar ní Tinubu Square ní Èkó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1855, gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀m̀báyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956. Síbẹ̀, oṣù Kẹsàn-án 2016 ni katapílà wó o palẹ̀.

Ọdún 2016 yẹn kan náà ni wọ́n kan pátákó fún Sara Forbes Bonetta, ọmọbìnrin Yewa tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lẹ́rú, mọ́ ilé Palm Cottage tó gbé ní Gillingham, ní Kent. English Heritage kọ́ ló kàn án. Ètò ìtàn kan tí BBC ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ló bí i.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìtàn èké yẹn ń pa wá lára: ó ń jẹ́ ká máa wojú ìjọba fún iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lásán bẹ̀rẹ̀. Ẹbí tó ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Campos tàbí Bamgbose ní Èkó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la, bí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sí i, tí wọ́n sì rówó san fún ẹni tó máa fín in.