Lẹ́tà Onígi Tó Ti Gbó

Ẹ̀yin ará, ẹ ti rí irú lẹ́tà yìí rí lára pósítà: ó ki, ó ga, ó fún mọ́ra bí èrò inú dáńfó, ara rẹ̀ sì rí jákujàku bíi pé wọ́n fi yanrìn ha á. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é lónìí. Àmọ́ igi ni tẹ́lẹ̀, ó sì ní ìtàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irin tí wọ́n fi òjé pò ni àwọn òǹtẹ̀wé fi ń rọ lẹ́tà. Lẹ́tà kékeré ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn máa rí láti òdìkejì títì, á wúwo jù, á sì wọ́n jù. Ní 1827, òǹtẹ̀wé kan ní New York, Darius Wells, wá ọgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ lẹ́tà sára igi líle. Ní 1834, William Leavenworth mú kí ẹ̀rọ náà lè tọ ipa àwòrán lẹ́tà kan, kó sì gbẹ́ ẹ ní ńlá tàbí ní kékeré. Bí pósítà ṣe gbòde nìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fún un pọ̀? Bébà ò fẹ̀, ọ̀rọ̀ sì gùn. Tí ẹ bá fún ìhà lẹ́tà pọ̀, tí ẹ fà á sókè, ọ̀rọ̀ náà á wọlé, á sì tún pariwo. Ara tó ha ńkọ́? Iṣẹ́ ló fà á. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ títí, etí igi á ṣá, tàdáwà ò ní dé ojú ọgbẹ́ náà mọ́, ibẹ̀ á sì yọ funfun lórí bébà.

Ibi tó kàn wá nìyí. Ní Amẹ́ríkà ayé ìgbà náà, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi ń kéde ọjà ẹrú, wọ́n á kọ ọjọ́ orí àwọn èèyàn bíi tiwa sí i. Ní 1850, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n dá ẹrú tó sá padà fún olówó rẹ̀, kódà bó bá ti dé ìpínlẹ̀ tí kò sí ẹrú. Ní oṣù kẹrin 1851, pósítà kan jáde ní Boston, lẹ́tà gàdàgbà lòun náà. Ó kìlọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà pé kí wọ́n má bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, torí wọ́n ti sọ ọlọ́pàá di amúnilẹ́rú. Àlùfáà kan, Theodore Parker, ni wọ́n ní ó kọ ọ́.

Ṣé ẹ rí i? Irú lẹ́tà kan náà: ọ̀kan ń ta èèyàn, èkejì ń gba èèyàn là. Lẹ́tà ò mọ èyí tó ń ṣe. Ẹni tó tò ó ló mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń bá wa ṣe pósítà, ẹ lò ó, ó dáa. Kọ̀ǹpútà á fún un yín ní ọgbẹ́ ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi pariwo lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹyin lohùn.