Eṣinṣin Tó Ń Ṣọ́ Koríko Wa

Lọ́dún 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má da màlúù káàkiri mọ́. Ariwo pọ̀ nígbà yẹn: màlúù ta ló jẹ oko ta ni? Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbòǹgbò koríko.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn. Nígbà táwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830, màlúù oníké àwọn Fúlàní kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Eṣinṣin tsetse ni kò gbà. Tó bá ti jẹ màlúù, ó lè kó àrùn sí i lára, ẹran á máa rù títí á fi kú. Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni darandaran máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà gúúsù. Bí òjò bá dé, tí eṣinṣin pọ̀, wọ́n á padà sókè. Koríko á wá sinmi lásìkò tó ń dàgbà gan-an.

Kí nìdí tí ìsinmi yẹn fi ṣe pàtàkì? Ẹ fọkàn ro fóònù yín: ewé ni ṣájà, gbòǹgbò wà lára bátìrì. Oòrùn ni ewé fi ń pèsè oúnjẹ fún gbòǹgbò. Lọ́dún 1955, ará Amẹ́ríkà kan, Franklin Crider, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Nígbà tó gé ìdajì ewé koríko, gbòǹgbò tó dáwọ́ ìdàgbà dúró kò tó nǹkan. Nígbà tó gé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, gbogbo gbòǹgbò dúró fún ọjọ́ 12. Gbòǹgbò kúkúrú ò sì lè wa omi kàn lẹ́ẹ̀rùn.

Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ àrùn náà dé, wọ́n ṣán igbó, darandaran sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí gúúsù tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Ẹran pọ̀ lọ́jà, inú wa dùn. Àmọ́ koríko pàdánù ìsinmi rẹ̀, pátákò ẹran sì ń ki ilẹ̀ pọ̀, omi òjò ò ráyè wọlé.

Òfin ti ní ká kó màlúù sínú ọgbà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí a bá sé wọn mọ́ ojú kan, gbòǹgbò ibẹ̀ á tètè kú ju ti ìta lọ. Ó yẹ ká pín ọgbà sí abala-abala, kí ẹran jẹ ọ̀kan, kí ìyókù sinmi. FUNAAB wà nítòsí wa l'Ábẹ́òkúta látọdún 1988, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa koríko ìjẹ ẹran. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n. Eṣinṣin ò ṣọ́ ọ fún wa mọ́. Àwa fúnra wa ló kù.