Ẹran Àjà Ẹnu Ṣì Ni Àṣàyàn Àkọ́kọ́ fún Erìgì Tó Fà Sẹ́yìn

Bí erìgì bá fà sẹ́yìn, gbòǹgbò eyín a yọ síta, omi tútù a sì máa ta á. Àìsàn erìgì ń fà á. Fífi búrọ́ọ̀ṣì líle tàbí orín ha eyín tagbáratagbára náà ń fà á. Iṣẹ́ abẹ lè bo gbòǹgbò náà, ṣùgbọ́n àwọn dókítà eyín kò fẹnu kò lórí ọ̀nà tó dára jù. Ní tèmi, iye ọdún tí iṣẹ́ náà fi dúró ló yẹ ká fi dá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́. Oṣù mẹ́fà kéré jù.

Ohun kan ṣáájú ọ̀nà tí a ó yàn. Láti ìgbà tí dókítà eyín Miller ti pín erìgì tó fà sẹ́yìn sí ìsọ̀rí lọ́dún 1985 la ti mọ̀ pé eegun àti erìgì tó wà láàárín eyín méjì ló ń pinnu bóyá gbòǹgbò yóò bò tán. Bí ìwọ̀nyẹn bá ti dín kù, kò sí ọ̀nà tó lè bo gbòǹgbò tán, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kí abẹ tó kàn án.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí a tú erìgì, kí a fà á bo gbòǹgbò, kí a sì rán an. Ọ̀nà kejì, tí Langer àti Langer kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1985, fi nǹkan kún un: a ó gé ẹran tó wà lábẹ́ awọ àjà ẹnu, a ó tẹ́ ẹ sórí gbòǹgbò, kí a tó fa erìgì bò ó. Ọgbẹ́ di méjì nìyẹn. Àjà ẹnu lè ṣẹ̀jẹ̀, oúnjẹ a sì nira fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣé èrè rẹ̀ tó ìyà náà?

Ó tó. Nínú ìwádìí tí Pini-Prato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ítálì gbé jáde lọ́dún 2010, wọ́n ṣe ọ̀nà àkọ́kọ́ ní apá kan ẹnu aláìsàn 13, wọ́n sì lẹ ẹran àjà mọ́ apá kejì. Ní oṣù kẹfà, ìyàtọ̀ kò hàn. Lẹ́yìn ọdún 5, gbòǹgbò tó ṣì bò pátápátá jẹ́ ìdá 52 nínú 100 níbi tí wọ́n ti lẹ ẹran, ìdá 35 péré níbi tí wọn kò ti lẹ ẹran. Aláìsàn 13 kò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni wọ́n fi wéra, búrọ́ọ̀ṣì kan náà ló sì ń wọ apá méjèèjì. Ẹran tí a lẹ̀ ń mú kí erìgì nípọn. Erìgì fẹ́lẹ́ ló tún ń tètè fà sẹ́yìn.

Àwọn àfirọ́pò ẹran àjà wà tó ń yọ àjà ẹnu nínú ìyà, wọ́n sì wúlò bí eyín tó fẹ́ àtúnṣe bá pọ̀ ju ẹran tí àjà lè pèsè lọ. Ṣùgbọ́n ara ẹlẹ́dẹ̀ ni gẹ́lì Emdogain àti ọ̀pọ̀ kọ́lájìn tí wọ́n ń lò báyìí ti wá. Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, dókítà tí kò bá sọ èyí kó tó gba ìyọ̀ǹda aláìsàn ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹran àjà kò ní irú ìṣòro yìí, a kì í sì í rà á láti òkè òkun.

Ọ̀nà oníhò kékeré, tí dókítà eyín John Chao gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, náà kò nílò ẹran àjà: ihò kékeré ni wọ́n máa ń gbà fa erìgì bo gbòǹgbò. Ìpolówó rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rí ọlọ́dún gbọọrọ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí erìgì bá nípọn tí ó sì jẹ́ eyín kan ṣoṣo, fífà á bò nìkan tó. Bó bá fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ ká lẹ ẹran àjà mọ́ ọn. Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ rọra fọ eyín. Bí ẹ bá tún ń ha á, gbòǹgbò yóò tún yọ.